Òróró kóró dóńgóyárò

Òróró kóró dóńgóyárò jẹ́ òróró tí a ń fún jáde láti inú kóró èso igi dóńgóyárò, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń jẹ́ Azadirachta indica. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni igi yìí àti ọ̀gánwó. Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1928 ni wọ́n mú un dé Borno, ní àríwá Nàìjíríà. Láti inú èdè Haúsá ni a ti yá orúkọ tí a fi ń pè é.

Ìlò rẹ̀ ní Èkó

Ní Mushin, Yaba àti Surulere, igi dóńgóyárò ń ṣíji bo àgbàlá ilé àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń ta ewé àti èèpo rẹ̀ ní ọjà Ọjúwoyè, ní Mushin, fún àgbo ibà. Òróró inú kóró yàtọ̀ sí àgbo yìí: ara ni a sábà máa ń fi í pa, tàbí kí a pò ó mọ́ ọṣẹ àti ìpara.

Àwọn èròjà inú rẹ̀

Òróró lè tó 30 sí 50 nínú 100 ìwọ̀n ọmọ inú kóró náà. Ásíìdì ọ̀rá mẹ́rin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: oleic, linoleic, palmitic àti stearic. Àwọn wọ̀nyí wà nínú epo pupa àti òróró ẹ̀pà pẹ̀lú. Ohun tó mú òróró yìí yàtọ̀ ni àwọn èròjà kíkorò tí à ń pè ní limonoid. Ní 1942, Salimuzzaman Siddiqui, onímọ̀ kẹ́mísírì, ròyìn bí ó ṣe yọ ọ̀kan nínú wọn, nimbin, jáde. Òmíràn ni azadirachtin (C₃₅H₄₄O₁₆), tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹun tàbí dàgbà bó ti yẹ. Àwọn èròjà tó ní imí-ọjọ́ ló fún òróró náà ní òórùn bí ti aáyù.

Agbára rẹ̀ lórí baktéríà

Láti dán an wò, a máa ń tẹ́ baktéríà sórí àwo agar, a ó dá ihò sí i, a ó sì kán òróró sínú ihò náà. Lẹ́yìn òru kan nínú ooru 37°C, a ó wọn àyíká ibi tí baktéríà kò ti lè hù. Staphylococcus aureus, tó ń fa eéwo, sábà máa ń tètè juwọ́ sílẹ̀ ju Escherichia coli lọ, nítorí pé E. coli ní awọ ìta kan tó ń dí ọ̀pọ̀ èròjà lọ́nà. Ṣùgbọ́n òróró kì í pò mọ́ omi, kì í sì í tàn ká dáadáa nínú agar. Nítorí náà, àyíká kékeré kò fi dandan túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ kéré.

Ewu tó wà nínú mímu ún

Ohun tó pa baktéríà nínú àwo lè pa ènìyàn lára. Ní 1981, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìròyìn jáde láti Màléṣíà nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fún ní òróró yìí mu: wọ́n bì, oorun àìjí kùn wọ́n, gìrì sì mú wọn. Nítorí èyí, a kò gbọdọ̀ fún ọmọdé ní òróró yìí mu, ì báà jẹ́ pé àgbo ewé rẹ̀ ti mọ́ ìdílé lára.