Bí Orin Olóhùn Mẹ́rin Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Èkìtì

Kí ìwé orin olóhùn mẹ́rin tó wọ Adó-Èkìtì ni àwọn ará Èkìtì ti ń da ohùn pọ̀ kọrin. Níbi ìgbéyàwó, níbi ọdún ìbílẹ̀, bí ẹnì kan bá lé orin, kì í ṣe dandan kí elégbè gbé ohùn kan náà. Bí olórin bá wà lórí mi, àwọn kan á wà lórí do. Bó bá gòkè, wọ́n á bá a gòkè, bó bá sọ̀, wọ́n á bá a sọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà náà mọ̀ ọ́n, I.K. Dáíró tó jẹ́ ọmọ wọn gbé irú ègbè yìí wọ inú jùjú. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, ohùn kan ni wọ́n sábà jọ ń gbé.

Ilẹ̀ tí ìwé orin bá nìyẹn. Lẹ́yìn ogun Èkìtìparapọ̀, àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú ń padà wálé, àwọn kan nínú wọn sì ti di onígbàgbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ń dìde láti ìlú dé ìlú. Ní 1933, Henry Dallimore, àlùfáà CMS, dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó. Bí orin ìjọ ṣe ń tàn ni tonic sol-fa ń bá a rìn. John Curwen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará England tó kú ní 1880, ló tan ọ̀nà ìkọ orin yìí kálẹ̀: lẹ́tà d, r, m ló fi rọ́pò àmì orí ìlà márùn-ún. Télọ̀ tàbí àgbẹ̀ tí kò ní dùùrù nílé lè fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ìlà tirẹ̀.

Ọ̀nà tí akọrin ń tọ̀ kò ṣàjèjì ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìyìn. Ọmọdé á wọ kúáyà, á máa gbé ohùn òkè. Bí ohùn ọmọkùnrin bá yí padà, wọ́n á gbé e lọ sí tẹ́nọ̀ tàbí báàsì. Àárín èrò ló ti ń kọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ tí mẹ́rin nínú wọn bá dá dúró níwájú ìjọ láìsí dùùrù ni ojúlówó ń hàn: ìlà kan, ẹnì kan, kò sí ẹ̀yìn ẹni tí ẹnikẹ́ni lè sá sí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá olùkọ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti ń kọ irú orin ẹlẹ́ni mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ àti ní ìkóríta kó tó di ohun ìdíje. Louis Armstrong, nígbà tó ṣì kéré ní New Orleans, bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta kọrin ní títì láti fi wá owó. Ẹgbẹ́ tó sọ orin náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní Tulsa ní 1938, síbẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn fún aláwọ̀ dúdú títí di 1963. Etí ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn, bó ṣe kọ́ Èkìtì.

Ìṣòro tiwa wà lára èdè. Bí báàsì bá ń sọ̀ nígbà tí ohùn òkè ń gòkè, ọ̀rọ̀ kan náà lè di méjì lẹ́nu akọrin. Ègbè Èkìtì kò ní àbùkù yìí, nítorí ohùn méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n sì jọ ń sọ̀. T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ, Èkó, láti 1914 sí 1962, ṣiṣẹ́ takuntakun lórí orin ìjọ tí ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀; ó tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953.

Mo gbà pé ara ègbè ìbílẹ̀ yìí ló yẹ kí olùkọ́ akọrin ní Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ pe àwọn ìyá àgbà kí wọ́n lé orin ìlú wọn, kí àwọn mẹ́rin náà gbé e lóhùn méjì láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí ìlà yòókù wọlé, kí báàsì máa kùn tàbí kó fi gbólóhùn tirẹ̀ dáhùn níbi tó bá fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kí wọ́n sì gba ohùn àwọn àgbà wọ̀nyí sílẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láyé, nítorí ẹnu wọn ni ọmọ Èkìtì ti lè kọ́ bí ohùn méjì ṣe ń rìn pọ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í fi í ṣìnà.