Kòkòrò Arère

Láti ìdí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ títí dé igbó Ìsẹ̀, arère wà lára igi tó ga jù lọ nínú igbó wa. Bí òjò bá ti kúnlẹ̀, kòkòrò onírun kan a máa bo ewé rẹ̀. Anaphe ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ọmọ àfòpiná ni. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán mú un, ara rẹ̀ yóò máa yún un.

Kòkòrò yìí kì í dá rìn. Bí wọ́n bá ń lọ, wọn a tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, orí èyí á kan ìdí èyí tó ṣáájú. Wọn kì í dá kọ́lé pẹ̀lú. Gbogbo wọn á pawọ́ pọ̀ ta òwú yí ara wọn ká, ìta ilé náà á le, nínú rẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì ti ní yàrá tirẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni sányán ti ń wá. Wọ́n á já a lórí igi, wọ́n á sè é nínú omi eérú títí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yóò fi yọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó ran án, kí ahunṣọ tó gbé e sórí òfì. A kì í rẹ ẹ́ láró. Bí kòkòrò ṣe ta á náà ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òun ni Yorùbá ń pè ní baba aṣọ.

A ń jẹ kòkòrò arère náà, ó sì ń ṣara lóore, àmọ́ ó ní èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ ṣáá, tí B1 kò pọ̀ lára rẹ̀, bó bá jẹ ẹ́, èébì lè gbé e, òòyì á kọ́ ọ, ara á máa gbọ̀n, á máa ta gọ́ọ́gọ́ bí ọ̀mùtí. Dókítà Adámọlẹ́kún àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tọpa àìsàn náà dé ìdí kòkòrò yìí. Ìwádìí wọn lórí èyí tó jà ní Ìkàrẹ́ jáde ní 1994, wọ́n sì rí i pé B1 ń wò ó. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan láti Japan fi hàn pé èròjà náà kì í tètè kú lórí iná.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó jinná dénú kí ẹ tó gbé e fún ọmọ, kí ẹ sì fi ẹ̀wà kún oúnjẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ̀yin tó ń gé arère fún pákó, ẹ dá díẹ̀ sí, nítorí bí igi bá tán, kòkòrò náà á bá a lọ.