Lọ́wọ́ Kóbáàtì Ni Fúlórínì Ti Ń Gbọ́ràn

Gáàsì fúlórínì kì í dúró de ìṣáná. Bí ó bá kan òwú, iná ni. Bí ó bá kan bẹntiróòlù, iná ni. Henri Moissan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní 1886, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Ó wá ku bí a ó ṣe máa lò ó láìjóná.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Yuréníọ̀mù tí àwọn Amẹ́ríkà so mọ́ fúlórínì nígbà tí wọ́n ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì a máa jẹ epo tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ. Epo tí fúlórínì ti kún ara rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú nìkan ló lè dúró níwájú rẹ̀.

Irin kóbáàtì ni Fowler, onímọ̀ kẹ́místírì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi yanjú ìṣòro náà. Ìyẹ̀fun kóbáàtì tó gbé fúlórínì méjì dání a máa ní àwọ̀ píǹkì. Bí gáàsì fúlórínì bá gba orí rẹ̀ kọjá nínú páìpù gbígbóná, á gba ẹ̀kẹta, á di búráùn. Wọ́n á lé gáàsì tó ṣẹ́kù jáde, kí wọ́n tó jẹ́ kí oruku epo wọlé. Fúlórínì á lé háídírójìn kúrò lára kábọ́nì, á jókòó sí àyè rẹ̀. Fúlórínì mìíràn á bá háídírójìn náà lọ, wọ́n á di ásíìdì tó ń jẹ gíláàsì, tí a gbọ́dọ̀ gbé ohun tó máa gbà á sílẹ̀ dè. Ìyẹ̀fun á tún padà di píǹkì, ó tún ṣeé kún.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni ti ooru. Nǹkan bí ìdajì ooru iṣẹ́ náà ti jáde nígbà tí kóbáàtì ń gba fúlórínì, tí epo kò tíì sí nítòsí rárá. Ìdajì tó kù kò lágbára láti já kábọ́nì kúrò lára kábọ́nì bẹ́ẹ̀.

Ìwà irin kò dọ́gba ṣá o. Áńtímónì tó gbé fúlórínì dání, tí Swarts ará Bẹ́ljíọ̀mù lò ní ọdún 1890 sí 1899, klórínì ló ń lé, kì í sábà fọwọ́ kan háídírójìn. Ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n gbà ṣe gáàsì fíríìjì àtijọ́, èyí tó wá ba ìpele òsóònù jẹ́.

Ẹ wo káńfọ̀ funfun tí à ń jù sáàárín aṣọ. Bí oruku rẹ̀ bá gba inú páìpù kóbáàtì yẹn kọjá, ó lè di omi mímọ́ gaara kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì omi. Dókítà ojú a máa rọ irú rẹ̀ sínú ẹyinjú tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. Ìwúwo rẹ̀ á tẹ awọ náà padà sí àyè rẹ̀, lẹ́yìn náà, wọ́n á fà á jáde.