Ṣé O Mọ̀? Igi àti Okùn Ló Gbé Wọn Dé Ojú Ìràwọ̀

Ọmọ Ẹ̀gbá, jókòó dáadáa. Mo ti ṣa ohun ìyanu jọ nípa àwọn ọkọ̀ gbalasa òfurufú tí à ń wò nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, o ò sì ní í fẹ́ kí ìkankan bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé igi, ike àti páànù ni wọ́n fi ṣe Enterprise, ọkọ̀ inú eré àtìgbàdégbà Star Trek tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1966? Nínú ìtàn, ó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Nílé iṣẹ́, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ igi ló ti jáde.

Báwo lo rò pé ó gùn tó? Nínú ìtàn, mítà 289 ni. Ṣóńṣó Olúmọ fi mítà 137 ga ju òkun lọ, nítorí náà bí wọ́n bá gbé Enterprise nàró létí òkun, yóò ga ju Olúmọ lọ ní ìlọ́po méjì, á tún ṣẹ́kù! Èyí tí wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà ńkọ́? Mítà 3.4 péré.

Gbọ́ èyí ná: Gene Roddenberry tó dá eré náà sílẹ̀ kò sọ fún ayàwòrán rẹ̀, Matt Jefferies, bí ọkọ̀ náà ṣe máa rí. Èèwọ̀ ló kà fún un: kò gbọ́dọ̀ ní ìyẹ́, kò gbọ́dọ̀ tu iná nídìí, kò gbọ́dọ̀ rú èéfín.

O ṣe bí ẹni tí kò mọ ojú òfurufú ló ya ọkọ̀ náà? Awakọ̀ bàlúù ni Jefferies, Roddenberry náà sì wa bàlúù ajubọ́ǹbù B-17 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Wo ẹ́ńjìnnì méjì tó yọ sẹ́yìn bí apá gígùn yẹn. Jefferies rò ó pé ẹ́ńjìnnì tó bá lágbára tó báyẹn á léwu, ló bá nà án jìnnà sí ibi tí èèyàn ń gbé.

Kí ló dé tí ara ọkọ̀ náà fi ń dán, tí kò ní páìpù tàbí ìdè kankan níta? Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ ni Jefferies kó sínú, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe má bàa ní láti jáde sínú òfurufú.

Háà, èyí ni mo fẹ́ràn jù! Nígbà tí wọ́n so àwòṣe kékeré kan rọ̀ sórí okùn kí Roddenberry lè wò ó, ṣe ló dorí kodò, tí orí kodò yẹn sì wu ọ̀gá. Ọpẹ́lọpẹ́ Jefferies tó takú, bóyá bẹ́ẹ̀ ni ì bá máa fò títí dòní.

Ṣé o ti wo nọ́ńbà ara rẹ̀ rí, NCC-1701? Jefferies yẹra fún 3, 6, 8 àti 9, torí pé lókèèrè, ojú lè ṣi ọ̀kan pè ní èkejì.

Tún un wò dáadáa: apá ọ̀tún ló sábà máa ń kọjú sí ẹ. Wáyà iná ló kún apá òsì!

Ṣé o mọ ìdí tí àwọn èrò inú ọkọ̀ náà fi ń pòórá, tí wọ́n sì ń yọ síbòmíràn lójijì? Owó ni! Kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ ńlá balẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á gbówó gọbọi, ni wọ́n bá ní kí èèyàn kúkú di ìmọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n dà sílẹ̀ níwájú iná ni ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí náà.

Àwọn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra wọn ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ló wà lẹ́yìn ògiri tó ń fa okùn! Bí ẹni tó ń fà á bá pẹ́ díẹ̀, imú òṣèré dé ilẹ̀kùn.

Irinṣẹ́ tí dókítà inú ọkọ̀ fi ń tọ́jú aláìsàn, ṣé o mọ ohun tó jẹ́? Agolo iyọ̀ orí tábìlì oúnjẹ ni. Wọ́n rà wọ́n láti fi ṣe agolo iyọ̀ nínú eré, ó wá jọ nǹkan àrà jù, ni wọ́n bá sọ wọ́n di irinṣẹ́ oníṣègùn.

Ta ló lè rò ó pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè sọnù? Àwòṣe kékeré àkọ́kọ́ ti Enterprise pòórá fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Lọ́dún 2023 ló ṣàdédé yọ lórí eBay, ó sì padà sọ́wọ́ ọmọ Roddenberry lọ́dún 2024.

Àwòṣe ńlá ńkọ́? Ó ti wà ní ilé ọnà àwọn ọkọ̀ òfurufú Smithsonian ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1974, láàárín àwọn ọkọ̀ tó fò ní tòótọ́.

Fi eléyìí wéra: ìwúwo àwòṣe onígi yẹn kò jìnnà sí 100 kìlógíráàmù. NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní, tó gòkè lọ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, tó bẹ́ẹ̀ náà!

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà àwọn olólùfẹ́ Star Trek ló jẹ́ kí Amẹ́ríkà sọ ọkọ̀ gbalasa kan ní Enterprise lọ́dún 1976? Ti inú eré dé ojú ìràwọ̀. Ti òótọ́ kò kúrò nínú afẹ́fẹ́ ayé yìí rí.

Kirk ni ọ̀gá inú Enterprise. Nígbà tí ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, Zumwalt, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016, mo ní kí o sọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀... Kirk ni!

Mae Jemison ṣe dókítà ní Sẹ̀ró Líóònù àti Làìbéríà, ó sì di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfurufú, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ṣeré nínú Star Trek: òun ni arìnrìn-àjò gbalasa tòótọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ká wálé. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí n'Ìbàdàn wà nídìí ẹ̀rọ nínú Discovery, ọkọ̀ Star Trek ọdún 2017? Oyin Oladejo ni, Owosekun sì ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú eré, orúkọ Yorùbá gidi!

Ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, àárín àwọn tí kò fẹ́ rí ẹ̀rọ sójú ni ìtàn sọ pé ó dàgbà sí. Ó tún lè sé èémí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá!

Kí ló ń gbé Discovery rìn? Olu! Irú olu tí à ń já lóko lásìkò òjò, tí à ń fi se ọbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ìtàn sọ pé ó nà jákèjádò òfurufú, tí ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá.

NCC-1031 ni nọ́ńbà ọkọ̀ Oyin. Bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọjọ́, 10-31 ni ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ yẹn gan-an lọ́dún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ìlú tí wọ́n bí i sí! Abẹ́òkúta wa ńkọ́? Ìwé Ìròyìn ti jáde níbí lọ́dún 1859, ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú.

Ṣé o ti gbọ́ ohùn TARDIS, ọkọ̀ inú eré Doctor Who ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbin bí ó bá fẹ́ gbéra? Kọ́kọ́rọ́ ilé ni Brian Hodgson fi ha okùn inú dùùrù.

Àpótí tẹlifóònù ọlọ́pàá ni TARDIS jọ, ọlọ́pàá London sì bá BBC tó ń ṣe eré náà fa àwòrán rẹ̀ mọ́wọ́. Lọ́dún 2002, BBC ló jàre!

Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025, TARDIS balẹ̀ s'Ékòó nínú eré náà, Dókítà tó ń wà á sì wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn pé kóun jáde... aláǹtakùn ńlá ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà pọ̀n, tó ń rìn lọ nínú òfurufú! Inua Ellams tí wọ́n bí ní Jos ló kọ ìtàn náà.

Epo wo ni aláǹtakùn yẹn ń lò? Ìtàn! Bí wọ́n ṣe ń gé irun oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sọ ìtàn. Tí Ìjàpá bá wọ ibẹ̀, epo ò ní í tán láé.

Báwo ni wọ́n ṣe wá rí ọ̀nà àbáyọ? Orí Dókítà ló wà! Abena, ọmọ Anansi inú àlọ́ Ghana, ló di irun rẹ̀, tó fi irun dídì ya gbogbo ọ̀nà sí i. Ẹ̀yin onídìrí Ìtòkú, ṣé ẹ rí iṣẹ́ yín?

Lọ́dún 2019, àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ àwòrán Kugali sọ fún BBC pé àwọn máa fẹ̀yìn Disney gbálẹ̀ ní Áfíríkà. Disney gbọ́, ó pè wọ́n, wọ́n sì jọ ṣe eré àwòrán Iwájú tó jáde lọ́dún 2024: mọ́tò ń fò lókè Èkó, alángbá sì jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì!

Má sì rò pé inú eré nìkan ni tiwa mọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ NigeriaSat-X nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gòkè lọ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2011.

Nítorí náà, bí ọmọ ilé rẹ bá kó páálí àti agolo mílíìkì jọ, tó ní ọkọ̀ ojú ìràwọ̀ lòun ń kàn, má dà á nù. Wá okùn sí i, kó so ó rọ̀. Bó bá sì dorí kodò, sọ ìtàn Jefferies fún un.