Ogún Ìṣẹ́jú Kí Bọ́ọ̀lù Tó Délẹ̀

Aago méje àárọ̀ Sátidé kò tíì lù nígbà tí ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ létí pápá ilé-ìwé kan ní Itele. Òjò àná ti gbẹ láàárín pápá, ilẹ̀ pupa náà sì le gbagidi. Ẹ̀bá òpó góòlù nìkan ló ṣì ní ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bí ogún ti dé. Méjì nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé-iṣẹ́ kan ní Sàngó bọ̀ ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ṣe mọ́jú, ọ̀kan kò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí bọ́ọ̀lù. Àṣé kóòṣì ló jókòó lé e.

"Bí mo bá fi lè dìde báyìí," ó ní, "kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tèmi mọ́."

Kí ara wọn gbóná ló ń dúró dè. Wọ́n kọ́kọ́ rọra sáré ní méjì-méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú délẹ̀, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara, ẹ̀yìn gún bíi pákó. Èyí tó tẹ̀ lé e ló mú igbe wá: ẹnì kan kúnlẹ̀, ẹnì kejì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Ẹni tó kúnlẹ̀ ń dà síwájú díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ tẹ ìbàdí, títí iṣan ẹ̀yìn itan kò fi ní lè gbà á dúró mọ́, tí yóò fi ọwọ́ gba ilẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró, àwọn ẹnìkejì wọn ń tì wọ́n. Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń balẹ̀.

"Orúnkún má wọnú o!" ni kóòṣì ń pariwo nígbàkigbà tí orúnkún ẹnì kan bá fẹ́ kan ara wọn bó ṣe ń balẹ̀. Ó ní ìdí. Iṣan kan wà láàárín orúnkún tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun. Ẹni tó bá balẹ̀ tàbí tó yí padà lójijì, tí orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀ sínú, iṣan yẹn lè já láìsí pé ẹnikẹ́ni fara kàn án.

FIFA 11+ ni orúkọ eré ìdárayá yìí: ẹ̀yà 15 ni, 20 ìṣẹ́jú ló ń gbà. Ẹni tó bá rò pé ti òyìnbó nìkan ni, ẹ̀yìnkùlé wa níbí, l'Ékòó, ni wọ́n ti dán an wò. Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn físíò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ Èkó, ọmọkùnrin 416, ọmọ ọdún 14 sí 19. Ìdajì ẹgbẹ́ náà ń ṣe é, ìdajì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 ni pé ìpalára dín kù ní ìdá 41 nínú 100 lára àwọn tó ṣe é. Ti ẹsẹ̀ dín kù ní ìdá 48. Wọn kò ra ẹ̀rọ kankan.

Kóòṣì dìde. Bọ́ọ̀lù délẹ̀.

Àmọ́ eré ìdárayá kì í dí ihò pápá. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ọmọ kan tẹ ibi tó jìn lẹ́bàá góòlù, ẹsẹ̀ rọ́, ó ṣubú lulẹ̀. Kíá, ẹnì kan ti ń ṣí Robb. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ tọrọ omi gbígbóná lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ.

"Ẹ má fi nǹkan ra á o!" Kóòṣì ti dé ibẹ̀. "Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti ń wú ni?"

Ojú ọgbẹ́ tútù, omi gbígbóná àti ọwọ́ líle á tún jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya síbẹ̀ sí i ni. Píọ̀wọ́tà dídì ni kóòṣì fi aṣọ wé, ó gbé e lé e, ó sì fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìrora ló fẹ́ fi pa, kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Dókítà Gabe Mirkin, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ ayé ní 1978 pé kí á sinmi, kí á fi yìnyín sí i, òun kan náà ló sọ ní 2014 pé àṣejù méjèèjì lè fa ìwòsàn sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni kóòṣì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀, lápá òde, lápá inú. "Ṣé eegun gan-an ló ń dùn ẹ́?" Rárá. "Ó yá, gbẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún mi." Ọmọ náà tiro, ó gbé mẹ́rin. Ìlànà Ottawa nìyẹn, tí àwọn dókítà Kánádà gbé jáde ní 1992: bí eegun bá ń dùn níbi tí a tẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ mẹ́rin kò bá ṣeé gbé, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ya ẹ́síréè lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀dọ̀ baba tó ń to eegun ni wọn ìbá gbé e lọ. Iṣẹ́ àtayébáyé ni, ṣùgbọ́n bí oparun tí wọ́n fi dì í bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá, ẹsẹ̀ á sì rà. Ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn eegun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ojú wọn ti rí irú rẹ̀.

Láti pápá, mo gba ọ̀nà Ọ̀tà lọ sọ́dọ̀ físíò kan. Mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan níbẹ̀ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ tún iṣan àárín orúnkún rẹ̀ ṣe, oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Tépù ìwọnṣọ wà nílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tó dá fò, wọ́n wọ̀n ọ́n; ó fi èyí tó ń dùn fò, kò tó tàkọ́kọ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kàn wọlé fún ìdajì àkọ́kọ́. Ara mi ti yá."

"Ara rẹ ti yá," ni obìnrin náà wí. "Orúnkún rẹ kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ìwádìí kan láti Norway ní 2016 wà lẹ́yìn rẹ̀: oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí bá fi mú sùúrù, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ewu kí orúnkún tún bàjẹ́ kù ní bí ìdajì. Ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpótí, ó ń sọ̀, ó ń gùn.

Nígbà tí mo padà sí Itele, àwọn ọmọdé ló ti gba pápá. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ wíwú ṣì jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Àwọn kékeré ń fò, wọ́n ń balẹ̀.

"Orúnkún má wọnú o!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ wíwú náà ló pariwo. Kóòṣì kàn ń rẹ́rìn-ín, ó jókòó lórí bọ́ọ̀lù.