Gh Tí Ìwé Kò Gbà

N kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ Ìlàjẹ pé ẹnu rẹ̀ ti ba Yorùbá jẹ́. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgbókòdá, mo sì mọ ohun tí etí mi ń gbọ́.

Ẹ dúró ní èbúté lọ́jọ́ ọjà, níbi tí àwọn ará Ùgbò àti Ayétòrò ti ń ná edé àti ẹja. Tí ọ̀rọ̀ bá kan owó, ẹ kò ní gbọ́ w inú rẹ̀. Gh ni ẹ óò gbọ́: ẹ̀yìn ahọ́n á gbéra bí ẹni fẹ́ pe g, ṣùgbọ́n kò ní kan òkè ẹnu, èémí á rọra gba àárín kọjá. Ọmọ tó bá pè é bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, wọ́n á ní ó ṣì í pè.

Bẹ́ẹ̀, gh yìí ló ti wà tipẹ́. Ọ̀tọ̀ ni gh, ọ̀tọ̀ ni w láyé àtijọ́. Ẹnu Ọ̀yọ́ ló pa méjèèjì pọ̀ di w. Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ kò pa wọ́n pọ̀. Ọ̀ghọ̀ gan-an ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú wọn. Ìṣẹ̀kírì, ìbátan wa, náà kò jẹ́ kó bọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu Ọ̀yọ́ ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Bíbélì tó parí ní 1884 lé, bẹ́ẹ̀ ni gh kò ṣe ráyè nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa.

Irú ìyàtọ̀ ìpè yìí wà nínú èdè Spéìn náà. Ní Madrid, casa, tí í ṣe ilé, àti caza, tí í ṣe ọdẹ ṣíṣe, kò dún bákan náà. Ahọ́n á yọ sáàárín eyín fún èkejì. Ní Kúbà àti Mẹ́síkò, ọ̀kan náà ni wọ́n. Real Academia Española, ẹgbẹ́ tó ń mójú tó èdè náà láti 1713, gba ìpè méjèèjì láìbá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tí mo ń fẹ́ fún wa náà nìyẹn.

Kì í ṣe ìwé nìkan ló ń wu gh léwu: òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947. Àwọn tó ṣí kúrò níbẹ̀ ń tọ́ ọmọ láàárín ẹni tí kò gbọ́ gh rí. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n fi fóònù gba ohùn ìyá àgbà wọn sílẹ̀, ì báà jẹ́ iye edé ni wọ́n ń bá oníbàárà fà.