Iná tó ń mú ni wọlé, iná tó ń mú ni jáde: bí òmùwẹ̀ ṣe ń yan tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi

Ní àríwá ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ìsun omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Peacock Springs. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, àwọn ihò àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì gùn lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà. Ọgbà ìjọba ni, òfin kan sì wà níbẹ̀ tó lè ya àlejò lẹ́nu: òmùwẹ̀ tí kò bá tíì kọ́ṣẹ́ ihò kò gbọdọ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì wọ omi. Ẹni tí kò ní iná lọ́wọ́ yóò dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn dé. Ẹni tó bá ní in yóò fẹ́ wo iwájú díẹ̀ sí i, yóò tún fẹ́ wo díẹ̀ sí i, títí ẹnu ihò yóò fi pòórá lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi fi sọ́kàn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ní ìsọ̀ ni bí iná rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni èyí: bí iná yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tó jìnnà jù lọ, kí ni màá fi padà? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí i kò tíì ra nǹkan kan, bó ti wù kí owó tó san pọ̀ tó.

Omi máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, àmọ́ kì í gbé gbogbo àwọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Pupa ló ń kọ́kọ́ lọ. Kí òmùwẹ̀ tó dé nǹkan bíi mítà 10, pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán; bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i, àwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò á tẹ̀ lé e, á wá ku búlúù àti àwọ̀ ewé. Bí ọwọ́ ẹni bá bó níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde á dà bí omi ewé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń mú tọ́ọ̀ṣì kékeré dání lọ́sàn-án gangan. Bí wọ́n bá tan án sí iyùn tàbí ẹja tó sá pamọ́ sábẹ́ òkúta, àwọ̀ rẹ̀ gan-an á padà, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà kò tíì rìn jìnnà nínú omi.

Fún irú ìyẹn, kò sí tọ́ọ̀ṣì tí kò tó. Ọ̀rọ̀ yí padà lóru, nínú ọkọ̀ tó ti rì, àti nínú ihò. Níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ńlá kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí arọ́pò rẹ̀ sì wà lára.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí tọ́ọ̀ṣì ńlá. Àwọn tó ń tà á máa ń kọ iye lúmẹ́nì gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Lúmẹ́nì ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lápapọ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sọ ibi tó ń lọ. Tọ́ọ̀ṣì méjì lè ní lúmẹ́nì 1,000 kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan tú tirẹ̀ ká, kí èkejì kó tirẹ̀ jọ ní tóóró, kó sì gún omi lọ jìnnà. Ẹni tó ń ya fídíò nílò èyí tó fẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀nà nílò èyí tó rí tóóró, pàápàá bí omi bá dọ̀tí. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ nínú kùrukùru àárọ̀ mọ̀ pé bí òun bá tan iná ńlá iwájú ọkọ̀, funfun lásán ni òun yóò máa rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èérí inú omi ń dá iná tó fẹ̀ padà sójú ẹni tó tàn án.

Wákàtí tí yóò fi tàn ló kàn. Ó gbọ́dọ̀ ju àkókò tí ẹ fẹ́ lò lábẹ́ omi lọ dáadáa. Ẹ má gba nọ́mbà ara páálí gbọ́ tán, nítorí ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì ló ń tàn kíkankíkan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á wá rọra lọ sílẹ̀ bó ṣe ń gbóná tí agbára bátìrì sì ń dín kù. Ẹ gba iná sí i kó kún, ẹ tì í sínú garawa omi nílé kó má bàa gbóná jù, ẹ tan án, kí ẹ sì máa wo aago títí yóò fi kú.

Iná tóóró yìí náà ni òmùwẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Bó bá fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ya òdo jẹ́jẹ́ sára ògiri, àlàáfíà ni. Bó bá ń jù ú sọ́tùn-ún sósì ní pẹ̀lẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n wo òun. Bó bá ń jù ú kíákíá láìdúró, wàhálà ti dé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ju iná kiri láìnídìí ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú.

Nígbà kan rí, bátìrì wíwúwo inú agolo ni wọ́n ń so mọ́ ìbàdí, tí wáyà á gba ibẹ̀ lọ sí orí tọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ọwọ́. Gílóòbù halogen ń jẹ bátìrì gan-an. Gílóòbù HID tó dé lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ bí ẹ bá pa á nígbà tó gbóná, ó di ìgbà tó bá tutù díẹ̀ kó tó tún tàn. LED ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n bí ní Japan, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 2014 nítorí LED búlúù tí wọ́n ṣe, èyí tó jẹ́ kí LED funfun ṣeé ṣe. Lónìí, tọ́ọ̀ṣì tó wọ àtẹ́lẹwọ́ lè mọ́lẹ̀ ju iná alágolo àtijọ́ lọ.

Arọ́pò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣe é: wọ́n ra tuntun, èyí tó ti gbó wá di arọ́pò. Èyí kò dára rárá. Ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni wọ́n máa ń tan arọ́pò. Òtútù lè ti mú ìka kú, àyà sì lè ti já. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ rọrùn lò: kó máa tàn, kó máa kú, kó tán síbẹ̀, láìsí pé ẹ ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó rí ìmọ́lẹ̀. Kò pọn dandan kó mọ́lẹ̀ bíi ti ńlá. Kí ẹ ṣáà lè fi rí okùn tí ẹ ó tẹ̀ lé jáde, kí ẹ fi rí gééjì afẹ́fẹ́, kí ẹlẹgbẹ́ yín sì lè rí yín.

Bátìrì lithium tó ń gba ṣájì lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀rọ ààbò tó máa ń gé iná lójijì bí agbára bá fẹ́ tán. Òkúta tọ́ọ̀ṣì tí à ń rà ní ìsọ̀, irú alkaline, ń rọra rẹ̀ ni, á fún ẹni láyè láti ronú. Ó tún máa ń pa agbára mọ́ fún ìgbà pípẹ́ bí wọn kò bá lò ó. Èyí ló jẹ́ kí àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ náà ṣì máa lo òkúta nínú arọ́pò, bí tọ́ọ̀ṣì ńlá wọn tilẹ̀ jẹ́ onílithium. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Okùn èjìká ni wọ́n ń so ó mọ́, wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù kẹ̀kẹ́ dè é, kí ọwọ́ kan ṣoṣo lè tan án níbi tó wà láìsí pé ó já bọ́.

Lóru nínú òkun gbalasa, tọ́ọ̀ṣì ńlá kan àti arọ́pò kan ni wọ́n ń kọ́ni láti gbé. Nínú ihò, mẹ́ta ni lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: ńlá kan, arọ́pò méjì. Ikú ló kọ́ àwọn òmùwẹ̀ ní èyí. Sheck Exley, olùkọ́ ìṣirò kan ní Florida, yẹ ikú àwọn òmùwẹ̀ inú ihò wò láti mọ ohun tó fà á, ó sì kọ ìwé Basic Cave Diving: A Blueprint for Survival, tó jáde lọ́dún 1979. Okùn tí kò já láti ẹnu ihò, ìdá méjì nínú mẹ́ta afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò lọ síwájú, àti ìjìnlẹ̀ tí kò yẹ kí ènìyàn kọjá: orí wọn ni ẹ̀kọ́ náà dúró lé. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti iná mẹ́ta wá di ara òfin náà. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú iná mẹ́ta bá sì kú, gbogbo ẹgbẹ́ á yí padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí pé ó ṣì ku méjì.

Ní Nàìjíríà, a mọ ohun tí iná òmùwẹ̀ lè túmọ̀ sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé lójú òkun Escravos, ó sì rì sí ìsàlẹ̀ tó tó nǹkan bíi mítà 30. Harrison Okene, alásè inú rẹ̀, wà láàyè níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí fún nǹkan bíi wákàtí 60. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá gbé. Ìmọ́lẹ̀ orí ọ̀kan nínú wọn ni Okene rí nínú omi dúdú náà. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀. Páìpù ni irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń gba afẹ́fẹ́, wọ́n sì lè tẹ̀ lé e padà. Ẹni tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn kò ní ju ohun tó so mọ́ ara lọ.

Kì í ṣe bátìrì nìkan ló ń pa tọ́ọ̀ṣì; omi náà máa ń wọ inú rẹ̀. Ní mítà 30, ìtẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀, òrùka rọ́bà tín-ín-rín ló sì ń dá omi dúró. Irun kan tàbí hóró yanrìn kan lórí rẹ̀ ti tó. Ẹ máa nù ún, ẹ fi gírísì sílíkóònì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì fi omi tí kò níyọ̀ ṣan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìrìn òkun. Àwọn tí à ń yí lórí kí wọ́n tó tàn tún ní àléébù kan: bí ẹ kò bá tú orí wọn tó, ìtẹ̀ omi lè tì í wọlé kó tan fúnra rẹ̀, kí òkúta sì ti tán kí ẹ tó nílò rẹ̀. Bí omi bá ti wọ inú tọ́ọ̀ṣì, ẹ yí i kúrò lójú yín nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, nítorí gáàsì lè ti kún inú rẹ̀.

Bátìrì lithium nílò ìṣọ́ra lórí ilẹ̀ náà. Ní bàálù, àpò ọwọ́ ni àfikún bátìrì ń wọ̀, kì í ṣe báàgì tó ń lọ sábẹ́. Èyí tó bá ju 100 Wh (wáàtì-wákàtí) lọ, tí kò sì ju 160 Wh lọ, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé iṣẹ́ bàálù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ àwọn òmùwẹ̀ tó ń jẹ́ Conception jóná ní California lóru, ènìyàn 34 sì kú. Àwọn olùwádìí ìjọba kò rí ohun tó dá iná náà sílẹ̀ gan-an, àmọ́ wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn sùn. Nítorí náà, ẹ má gba iná sí bátìrì níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí lójúfò.

Ní etí omi, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí ẹ tan gbogbo tọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ara yín. Bí ti ẹnì kan kò bá tàn, tó sì ní kí ẹ yá òun ní ẹ̀kẹta yín, ẹ má yá a. Ẹ jẹ́ kó lọ ra òkúta míì, kí gbogbo yín sì dúró dè é.